Àwòrán Ọrùn Sakaráyà

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí, mi ò ní í purọ́ fún yín. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbé àbúrò mi lọ sí Ìbàdàn láàárín oṣù méjì kí wọ́n lè ya àwòrán ọrùn rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta náà la sì padà wálé lọ́wọ́ òfo. Lẹ́ẹ̀kíní, jẹnẹrétọ̀ ọsibítù ló takú. Lẹ́ẹ̀kejì, àwọn òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀. Máìgádì kan péré la bá lẹ́nu ọ̀nà, ó ń jẹ gúgúrú àti ẹ̀pà, ó ní ká máa lọ sílé ká lọ máa gbọ́ rédíò. Méjèèjì yẹn, mo ti gbé e fún Ọlọ́run. Ẹ̀ẹ̀kẹta yìí ni mi ò tíì rí ẹni tí màá gbé e fún, nítorí bí mo bá ní kí n tọ́ka sí ẹni tó jẹ̀bi, ìka mi á fẹ́rẹ̀ẹ́ gún èmi alára lójú.

Hannah lorúkọ mi. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi ṣe tíṣà kí n tó fẹ̀yìn tì nípò ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Òjòwò, ní Ìjẹ̀bú-Igbó níbí. Ẹni tí mo kọ́ níwèé, bó bá gbóhùn mi lọ́jà lónìí, á ṣì káwọ́ sẹ́yìn. Sakaráyà nìkan ló kù fún mi nínú ọmọ ìyá mi. Mo fi ọdún mẹ́fà jù ú lọ, Sìsí ló sì ń pè mí láti kékeré. Èdè Ìjẹ̀bú la fi ń bára wa jà, ṣùgbọ́n Yorùbá ilé ìwé ni màá fi kọ ọ́ kí gbogbo ayé lè gbọ́.

Wẹ́dà ni Sakaráyà. Ìwòpin ló ti kọ́ṣẹ́, nígbà tí wọ́n ń kọ́ iléeṣẹ́ tákàdá tó wà níbẹ̀, tí gbogbo ọ̀dọ́ àdúgbò wa ń rọ́ lọ sétí omi lọ wáṣẹ́. Nígbà tó padà wá sílé, ó pàgọ́ sí Òjòwò, iná ò sì kú lágọ̀ọ́ yẹn fún ogójì ọdún. Bí ẹ bá rí géètì tó ní ẹyẹ méjì tó kọjú síra wọn, láti ọ̀dọ̀ wa títí dé Àgọ́-Ìwòyè, tirẹ̀ ni. Irin ojú fèrèsé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń sá aṣọ sí ní Àgọ́-Ìwòyè, òun ló ṣe ìdajì rẹ̀. Ó mọṣẹ́, kò ṣọ̀lẹ, kì í bá èèyàn jà. Ìyàwó rẹ̀ tó ti dolóògbé ló fà á wọ ìjọ Kérúbù àti Séráfù, èmi sì wà ní Áńgílíkà tí wọ́n bí wa sí. Mi ò bá ìjọ wọn jà o. Ohun tó ń bí mi nínú ni ẹnu àbúrò mi.

Ẹnu Sakaráyà kì í jẹ́wọ́ ohun búburú. Bí ibà bá ń gbọ̀n ọ́n, tí eyín ń lu eyín, tó o bá ní ṣé ara ò yá ni, á ní ara òun le koko. Bí ilé bá ń jó, á ní ó kàn ń móoru díẹ̀ ni. Bí o bá sì dárúkọ àìsàn kan létí rẹ̀, kó o tó parí ọ̀rọ̀, ọwọ́ rẹ̀ á ti lọ sókè: "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Ó parí nìyẹn. Lójú tirẹ̀, ó ti dáhùn. Bẹ́ẹ̀, nígbà tó wà lọ́mọdé, ńṣe ló máa ń sọ̀rọ̀ wótòwótò bí ẹyẹ ẹ̀gà. Ohun tójú rẹ̀ bá rí lẹnu rẹ̀ ń sọ. Mo mọ ọjọ́ tó yí padà. Mo kàn ṣe bí ẹni tó ti gbàgbé ni.

Ọdún kẹrin rèé tí kókó yọ sí i lọ́rùn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, kò ju ẹyin ẹyẹlé lọ. Mo ní, "Sakaráyà, kí lèyí?" Ó ní kò sí nǹkan kan. Nígbà tó fi máa tó ẹyin adìẹ, ó ti dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn lọ́jọ́ ìsinmi kan, ó sì jẹ́rìí pé gẹ̀gẹ̀ ti fi òun sílẹ̀. Wọ́n lu agogo, wọ́n jó, wọ́n bá a dúpẹ́. Súkáàfù funfun ló sì fi wé ọrùn lọ jẹ́rìí náà! Ẹ gbà mí o. Ta ló ń fi súkáàfù wé ọrùn tó ti sàn?

Láti ọjọ́ yẹn, ó tán. Lójú Sakaráyà, ẹni tó bá ti jẹ́rìí pé Ọlọ́run wo òun sàn, tó tún wá ń sọ pé ó ń dùn òun, ti gba ọpẹ́ padà lọ́wọ́ Ọlọ́run nìyẹn, ohun tó bá sì tẹ̀yìn rẹ̀ wá, kó fara mọ́ ọn. Mo lọ bá wòlíì wọn fún ọ̀rọ̀ yìí, mo gbé ìjà lọ ni, ká sọ tòótọ́. Ọkùnrin náà fún mi ní àga, ó ní ìjọ àwọn ò kọ́ ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀, òun gan-an ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Mo padà sílé, ìtìjú mú mi. Àbúrò mi ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe òfin náà, ó sì ti ara rẹ̀ mọ́nú rẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ ló tú àṣírí. Ọmọ́títí ń ṣiṣẹ́ nílé ìkàwé yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè, òpin ọ̀sẹ̀ ló máa ń wá wo bàbá rẹ̀. Ó pè mí lórí fóònù lọ́jọ́ Sátidé kan lóṣù kẹfà ọdún 2019. "Màmá, ẹ máa bọ̀ o. Orí àga ni Bàbá ń sùn."

Mo débẹ̀. Àga onígi lóòótọ́, pẹ̀lú ìrọ̀rí méjì lẹ́yìn rẹ̀. Mo ní, "Sakaráyà, bẹ́ẹ̀dì ńkọ́?" Ó ní, "Mò ń ṣọ́nà nínú àdúrà ni, Sìsí." Mo ní, "Látìgbà wo?" Mo bá nawọ́, mo tú súkáàfù ọrùn rẹ̀. Háà! Ọrùn àbúrò mi ti wú kọjá ẹ̀rẹ̀kẹ́, èémí rẹ̀ sì ń súfèé bó ṣe ń wọlé tó ń jáde. Omi bọ́ lójú mi, inú sì bí mi débi pé mo jáde síta lọ ju súkáàfù náà sórí òrùlé. Ẹni ọdún márùndínláàádọ́rin nìyẹn o, tó ń fi àdúrà bo ara rẹ̀ kí á má bàa mọ̀ pé kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀.

Báyìí la ṣe dé ọ̀dọ̀ dókítà. Wọ́n fi síkáànù tí wọ́n fi ń wo aboyún wo ọrùn náà: kókó mẹ́ta ló wà níbẹ̀, èyí tó tóbi jù ti yọ́ wọ abẹ́ egungun àyà, ibi tí síkáànù ò lè ríran dé. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín fa omi inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láti mọ̀ bóyá jẹjẹrẹ ni. Èsì ẹlẹ́ẹ̀mejì dé, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo ní kókó náà kúkú ti jọ ẹni tó ni ín.

Dókítà ní iṣẹ́ abẹ kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀, kó sì má pẹ́, nítorí kókó náà ń tẹ ọ̀nà tí èémí ń gbà. Ṣùgbọ́n òun ò lè fi ọ̀bẹ kàn án láìmọ ibi tó parí sí, bóyá ó ti lẹ̀ mọ́ ọ̀nà èémí, bóyá ọrùn nìkan lòun máa là tàbí òun máa la àyà mọ́ ọn. Ẹ̀rọ MRI ló máa fi hàn án. Mágínẹ́ẹ̀tì ńlá ni, ó ní, á ya inú ọrùn ní ẹlẹ́yọ ẹlẹ́yọ bí ẹni gé búrẹ́dì, èèyàn á sì mọ èyí tó jẹ́ ẹran ara rere àti èyí tó ṣeé fura sí. Ó ní, "Bí mi ò bá rí àwòrán yẹn, Màmá, bí afọ́jú ni màá ṣe wọbẹ̀." Mo ní a máa yà á.

Lẹ́yìn tí ìdaṣẹ́sílẹ̀ parí, wọ́n fi fọ́ọ̀mù kan ránṣẹ́ pé ká kún un nílé ká má bàa fi àkókò ṣòfò. Ìbéèrè nípa irin ló kún inú rẹ̀, nítorí mágínẹ́ẹ̀tì kì í bá irin ṣeré. Èmi tíṣà ni mo mú bírò. Mo jókòó ti Sakaráyà, mo ń kà á sí i létí.

"Ṣé wọ́n ti fi irin so egungun rẹ rí?"

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́."

"Ṣé wọ́n fi ẹ̀rọ sí ọ láyà?"

"Kò ní í jẹ́ tèmi."

"Ṣé irin ti ta wọ̀ ọ́ lójú rí?"

"Mo kọ̀ ọ́! Ọlọ́run ò ní í gbà fún Èṣù."

Mo kọ "rárá". Lórí gbogbo rẹ̀, rárá, rárá, rárá. Èmi Hannah, tó máa ń fún ọmọ ní òdo bí kò bá dáhùn ohun tí mo bi í! Mo mọ̀ pé àdúrà ló ń gbà, mo mọ̀ pé kì í ṣe ìdáhùn. Ó ti rẹ̀ mí ni. Bí èèyàn bá ti ń bá odi jà lọ́dún mẹ́rin, ọjọ́ kan á kàn fara ti odi náà ni.

Ọjọ́ ìrìn àjò ẹlẹ́ẹ̀kẹta pé. Mùbàṣírù, tó máa ń fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé mi, dé láàárọ̀ kùtù, a gba ọ̀nà Mámù lọ sí Ìbàdàn. Ẹ mọ ọ̀nà Mámù. Inú kòtò kan la ti ń bọ́ sínú òmíràn, Sakaráyà sì jókòó ṣánṣán lẹ́yìn, ó di orí àga iwájú mú, kò ní ó rẹ òun, kò ní ó dùn òun. Mo ní, "Ṣé ó ń ni ọ́ lára?" Ó ní, "A dúpẹ́." Mo ní kò sẹ́ni tó bi ọ́ ní ọpẹ́.

A dé ọsibítù, iná wà, òṣìṣẹ́ wà, ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Wọ́n ní kó yọ gbogbo ohun tó jẹ́ irin. Ó yọ bẹ́líìtì, ó yọ òrùka, bàtà ló tilẹ̀ ti kọ́kọ́ yọ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀, nítorí kò sẹ́ni tó mọ bàtà yọ tó ọmọ Séráfù. Wọ́n fún un ní aṣọ ọsibítù. Obìnrin tó ń darí ẹ̀rọ náà, Olúrẹ̀mí lorúkọ rẹ̀, ń wo fọ́ọ̀mù wa, ó ń mi orí. Ó wá béèrè bí ẹni tó kàn ń ṣàwàdà:

"Bàbá, iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe?"

"Wẹ́dà ni mí, ọmọ mi."

Ó gbé fọ́ọ̀mù sílẹ̀. "Fún ọdún mélòó?"

"Ó lé ní ogójì."

Ó wojú mi, ó wojú rẹ̀. "Ogójì ọdún, irin ò ta sí yín lójú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo?"

Ọwọ́ àbúrò mi ti lọ sókè. "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!"

"Bàbá, mi ò ní kó ṣẹlẹ̀. Mo ní ṣé ó ti ṣẹlẹ̀."

"Mo kọ̀ ọ́ lórúkọ Jésù."

Ọmọ dáadáa ni ọmọ náà, kò bínú. Ó ṣàlàyé pé bí irin tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ bá wà nínú ojú, mágínẹ́ẹ̀tì yẹn lè fà á, kó ya inú ojú. Ó ní, "Ẹ lè gbé ojú méjì wọlé kẹ́ ẹ gbé ẹyọ kan jáde." Ó ní bí irin bá ti ta sí i rí, ẹ̀síréè ojú la máa kọ́kọ́ lọ yà. Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ lòun fẹ́ gbọ́, bí òun ò bá sì gbọ́ ọ̀kan nínú méjèèjì, òun ò ní í gbé e wọlé. Ó pe ẹlòmíì tó wà lórí ìlà.

Wọ́n gba ipò wa! Lẹ́yìn oṣù méjì! Mo fa Sakaráyà jáde bọ́ sí kọ́ríídọ̀ tòun ti aṣọ ọsibítù tó ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn, mo mú un jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Mi ò mọ iye èèyàn tó wà níbẹ̀, mi ò sì bìkítà. Mo ní, "Ṣé o fẹ́ kú ni? Ṣé o fẹ́ kí kókó yìí fún ọ pa lórí àga nítorí pé ẹnu rẹ wúwo ju òkúta lọ? Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, Sakaráyà! Ọmọ ọdún mẹ́fà mọ̀ ọ́n dáhùn!"

Ó tẹjú mọ́lẹ̀. Ó wá sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ohùn rẹ̀ ti há tipẹ́: "Sìsí, ẹ̀yin lẹ gbá mi lẹ́nu."

Mi ò bi í pé ìgbà wo. Mo mọ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí, òun jẹ́ méje. Ìyá wa dùbúlẹ̀ lórí ẹní ní pálọ̀, àwọn ará ilé àti ará ìjọ jókòó yí i ká, kálukú ń sọ pé á yá, á yá. Sakaráyà wọlé láti ìta pẹ̀lú ẹnu ẹ̀gà rẹ̀, ó wo Ìyá, ó wo gbogbo wa, ó ní, "Ìyá wa máa kú." Òótọ́ ló rí, ló sì sọ. Mo gbá a lẹ́nu, ẹ̀jẹ̀ jáde. Mo ní, "Ẹnu òrofó ní í pa òrofó. Bó bá kú, ẹnu rẹ ló pa á." Ọjọ́ kẹta, Ìyá kú. Kò sẹ́ni tó rántí ọ̀rọ̀ yẹn mọ́ nínú ẹkún. Èmi rántí. Mo ṣáà ń sọ pé màá bá a sọ̀rọ̀ bó bá dàgbà díẹ̀ sí i. Ó dàgbà, ó gbéyàwó, ó bímọ, ó fi irin ṣe ẹyẹ sára géètì gbogbo ìlú, mi ò sọ nǹkan kan. Mo wá ń bínú sí i pé kì í sọ̀rọ̀.

Ká ní ọ̀rọ̀ dídùn jáde lẹ́nu mi lọ́jọ́ náà, ì bá dára. Kò jáde. Ìbínú náà ni mo ṣì fi sọ ọ́: "Ẹnu rẹ kọ́ ló pa Ìyá! Àìsàn ló pa á. Ẹ̀rù ló ń bà mí, òmùgọ̀ ọmọdé ni mí, ìwọ náà ò sì mọ̀ pé ó yẹ kó o gbàgbé! Ó yá, sọ ọ́. Èmi ni mo ní kó o sọ ọ́. Bí ohunkóhun bá máa tẹ̀yìn rẹ̀ yọ, kó wá bá mi, ilé mi ò ṣòroó mọ̀."

Ó gbé ọwọ́ sí ojú ọ̀tún. Ó ní, "Irin wà níbẹ̀."

Géètì ẹnìkan ní Mámù ló ń fi ẹ̀rọ họ, ó ti lé ní ogún ọdún, gíláàsì tó yẹ kó fi bo ojú wà lórí tábìlì. Nọ́ọ̀sì kan yọ èyí tó tóbi nínú irin tó ta wọ̀ ọ́, ó ní kó padà wá fún èyí tó kù. Kò padà lọ. Ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e ló jẹ́rìí pé ojú òun ti sàn. Láti ìgbà náà, nǹkan dúdú kékeré kan máa ń fò níwájú ojú yẹn bí eṣinṣin, ìyàwó rẹ̀ pàápàá kú láìgbọ́.

Wọ́n ya ẹ̀síréè. Olúrẹ̀mí gbé e sójú iná fún mi: ó wà níbẹ̀, ó funfun, kò ju wóró iyọ̀ lọ. Ó ní, "Màmá, ẹ dúpẹ́ o. A ò ní í lè gbé Bàbá wọ inú ẹ̀rọ yìí." Wọ́n pe dókítà wa. Ó ní òun á fi síkáànù míràn ṣe é, èyí tó ń lo iná ẹ̀síréè, tí kò ní mágínẹ́ẹ̀tì. Kò ní í fi gbogbo ohun tí òun fẹ́ rí hàn, ṣùgbọ́n á fi ibi tí kókó dé láyà hàn, òun á sì máa báṣẹ́ lọ bẹ́ẹ̀. Mo ní kí wọ́n yà á kíá. Wọ́n ní ẹ̀rọ tòhún bàjẹ́ látàná, ká padà wá lọ́jọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Nígbà tọ́rọ̀ bá ti ju ẹkún lọ, kí lèèyàn á ṣe?

Bá a ṣe ń bọ̀ wálé, èmi náà jókòó sẹ́yìn tì í. Ọkọ̀ ń bọ́ sínú kòtò lọ títí a fi kọjá Mámù. Nígbà náà ló ní, "Sìsí."

Mo ní, "Kí ló tún dé?"

"Ó ń dùn mí o." Ó dúró, ó fa èémí, fèrè ọ̀fun rẹ̀ dún. "Ẹ̀bà ò lọ mọ́. Àtàná ni ẹ̀kọ tútù náà ti ń há. Bí mo bá fẹ̀yìn lélẹ̀, ńṣe ló ń ṣe mí bíi pé wọ́n ń fún mi lọ́rùn. Ẹ̀rù ń bà mí. Mo rò pé mo máa kú."

Ọdún mẹ́rin ni mo fi pariwo pé kí ọmọkùnrin yìí lanu. Ó lanu. Ẹ wá wo ohun tí èmi ọ̀gá ilé ìwé ṣe: "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" ni mo pa mọ́ ọn lẹ́nu, nígbà tí mo sì fi máa mọ̀, ọwọ́ mi ti wà lórí ètè rẹ̀.

"Àmín o," ni Mùbàṣírù dáhùn láti iwájú.

Sakaráyà ò yí ojú kúrò. Ó ń wò mí láti òkè ọwọ́ mi, pẹ̀lú ojú méjèèjì, èyí tó ní irin àti èyí tí kò ní. Mo gbé ọwọ́ náà kúrò, mo fi í sórí itan mi, mo fi ọwọ́ kejì dì í mú.

Mo ní, "Máa wí. Mò ń gbọ́."